Ìrọ̀lẹ́ Tí Àrá Fọ́ Átọ́ọ̀mù ní Kashiwazaki

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹfà oṣù Kejì, ọdún 2017. Etí òkun ní Niigata, lápá ìwọ̀-oòrùn Japan, ni Kashiwazaki-Kariwa wà. Nínú gbogbo ilé iṣẹ́ tó ń fi agbára átọ́ọ̀mù pèsè iná lágbàáyé, òun ló tóbi jù. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ náà, riákítọ̀ rẹ̀ méjèèje ló wà ní pípa. Láti ọdún 2012, lẹ́yìn jàǹbá ilé iṣẹ́ átọ́ọ̀mù Fukushima, títí di ọjọ́ náà, wọn ò tan ìkankan nínú wọn. Kí òǹkàwé jọ̀wọ́ má gbàgbé èyí.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ní tiẹ̀ ni ẹ̀rọ kéékèèké mẹ́rin tí Teruaki Enoto ti Yunifásítì Kyoto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé síbẹ̀ láti máa ṣọ́ ìtànṣán gáńmà. Nígbà tí owó ìwádìí ò tó wọn ní 2015, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n gbé agbè lọ, àwọn ará ìlú sì dá bíi mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta yẹ́ẹ̀nì fún wọn.

Ọ̀sán. Nílé tiwa, oòrùn líle àti ìgbà òjò ló ń kó àrá wá. Níbẹ̀, inú òtútù ni àrá ti ń sán. Atẹ́gùn dídì láti Siberia a gba orí òkun tó lọ́wọ́ọ́wọ́ jù ú lọ kọjá, kùkùù a sì ṣú. Kùkùù náà kì í ga, ibi tó rọ̀ sílẹ̀ ló máa ń wà. Ìyẹn ló jẹ́ kí ibẹ̀ dára fún iṣẹ́ yìí, nítorí afẹ́fẹ́ tètè máa ń gbé ìtànṣán gáńmà mì. Tí kùkùù bá ga jù, kò sí èyí tó máa kan ilẹ̀.

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kọjá ìṣẹ́jú 34 àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà. Oòrùn ti wọ̀. (Ní Èkó, aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni.) Mànàmáná kọ nítòsí ilé iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá wà lójú pópó, ìmọ́lẹ̀ ni ì bá rí, kó sì gbọ́ ariwo. Àwọn ẹ̀rọ rí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun àkọ́kọ́ ni ìtànṣán gáńmà tó bú jáde láàárín àkókò tí kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan. C.T.R. Wilson, ọmọ Scotland, ti sọ láti 1925 pé agbára inú kùkùù àrá lè lé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ní eré àsápajúdé. Tí wọ́n bá ń sáré báyẹn lu átọ́ọ̀mù afẹ́fẹ́, gáńmà ni yóò jáde. Gáńmà ọjọ́ yẹn sì le débi pé ó ń gbọn núítírọ́ọ̀nù kúrò nínú náítírójìn, bí ọmọdé ṣe ń sọ òkúta gbọn máńgòrò sílẹ̀.

Èkejì dé kí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá tó pé. Àwọn núítírọ́ọ̀nù tó ti já ń ta kiri nínú afẹ́fẹ́ títí náítírójìn mìíràn fi gbé wọn mì, gáńmà tuntun sì jáde níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ló dùn mọ́ mi jù. Fún bí ìṣẹ́jú kan, bí atẹ́gùn ṣe ń ti kùkùù kọjá lórí àwọn ẹ̀rọ, gáńmà tó ní agbára 0.511 MeV ń wọlé. Kò sí ohun mìíràn tó ń fi nọ́ńbà yẹn sílẹ̀ bí kò ṣe pọ́sítírọ́ọ̀nù, ọ̀tá ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù. Tí àwọn méjèèjì bá pàdé, wọn a pa ara wọn rẹ́. Náítírójìn 13, èyí tó ku lẹ́yìn tí núítírọ́ọ̀nù já, ló ń tu pọ́sítírọ́ọ̀nù yìí jáde.

Riákítọ̀ méje ń sùn, kùkùù lókè wá ń ṣe iṣẹ́ wọn. Kò sì sí ẹni tó lè di ẹ̀bi ru ilé iṣẹ́ náà: gáńmà ọ̀hún bá mànàmáná rìn pọ̀ gẹ́lẹ́, agbára rẹ̀ sì ju ti èérí riákítọ̀ lọ dáadáa.

Aago 5:36. Ọ́síjìn 15, tí gáńmà kan náà fọ́ jáde lára ọ́síjìn afẹ́fẹ́, ti dín sí ìdajì.

Aago 5:44. Náítírójìn 13 náà ti dín sí ìdajì.

Aago 6:34. Ìdá kan nínú 64 péré ló ṣẹ́ kù nínú náítírójìn ọ̀hún. Nígbà tó fi máa di 7:34, kò tó ìdá kan nínú 4,000. Ẹni tó bá dé pẹ̀lú ẹ̀rọ tirẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ kò ní bá nǹkan kan níbẹ̀. Oṣù Kọkànlá ọdún náà ni ìwé ìròyìn Nature tẹ àbájáde ìwádìí náà jáde.

Kábọ́ọ̀nù 14 ni kò tíì lọ. Òun ni púpọ̀ nínú náítírójìn tó gbé núítírọ́ọ̀nù mì ń dà. Ọdún 5,730 ló ń gbà kí ìdajì rẹ̀ tó tán, nítorí náà ìdajì ti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ṣì máa wà ní 7747. Ìtànṣán láti òfuurufú jíjìn ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú kábọ́ọ̀nù 14 tí àwọn awalẹ̀pìtàn fi ń mọ ọjọ́ orí egungun àti èédú. Mànàmáná náà ti ní ìpín díẹ̀ tirẹ̀ níbẹ̀ báyìí.