Àwòrán Kì í Ṣe Dígí

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá dúró níwájú àwòrán, ìbéèrè tí ó máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni pé, 'Ǹjẹ́ ó jọ ọ́?' Bí ojú tí a yà bá jọ ojú ènìyàn, a ó ní ayàwòrán náà mọ iṣẹ́. Bí ọrùn bá gùn ju bí ó ti yẹ lọ, tàbí tí ẹranko inú rẹ̀ bá ní orí mẹ́ta, a ó ní kò mọ̀ ọ́n yà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà, 'àwòrán', kò fara mọ́ ìdájọ́ yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Lawal túmọ̀ rẹ̀ sí 'à-wò-rántí', èyíinì ni ohun tí a ń wò kí a lè rántí. Bí ìrántí bá sì ni iṣẹ́ àwòrán, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Yíya nǹkan bí ojú ti rí i jẹ́ ọ̀nà kan. Yíya ohun tí ọkàn nìkan lè rí jẹ́ ọ̀nà kejì. Yíyọ kókó ohun náà títí yóò fi ku ìlà àti àwọ̀ jẹ́ ọ̀nà kẹta.

Ilé-Ifẹ̀ ti fi èyí hàn kí ẹnikẹ́ni tó gbé kánfáàsì wọ ilẹ̀ yìí. Ní ọdún 1910, ará Jámánì kan, Leo Frobenius, rí àwọn orí tí a fi amọ̀ àti idẹ ṣe ní Ifẹ̀. Wọ́n jọ ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi sọ pé àwọn ará Atlantis ni ó mú ọgbọ́n náà wá. Irọ́ gbáà ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Peter Garlake wú ìkòkò kan jáde ní ilẹ̀ Ọbalárá ní Ifẹ̀. Ojúbọ kan wà lára ìkòkò náà, orí mẹ́ta sì wà nínú rẹ̀. Èyí tí ó wà láàárín jọ orí ènìyàn gan-an. Méjì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rí ṣóńṣó bí òkòtó. Iṣẹ́ amọ̀ ni, kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀dà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kan ayàwòrán pẹ̀lú: ẹni tí ó mọ èyí tí ó jọ ènìyàn náà ni ó mọ èyí tí kò jọ ọ́. Kì í ṣe àìmọ̀ọ́ṣe. Ó yàn án ni.

Aina Onabolu (1882–1963), ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, jogún ìjà tí irú ọ̀rọ̀ Frobenius dá sílẹ̀. Lábẹ́ ìjọba amúnisìn, ọ̀pọ̀ òyìnbó gbà pé ènìyàn dúdú kò lè ya ènìyàn kí ó jọ. Onabolu ti ya Ìyáàfin Spencer Savage ní ọdún 1906, kí ó tó lọ kọ́ iṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1920. Fún un, jíjọ náà ni èsì. Òun ni ó tún rọ ìjọba títí wọ́n fi mú Kenneth Murray wá ní ọdún 1927 láti kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà. Ṣùgbọ́n Murray gba ọ̀nà mìíràn: ó fẹ́ kí àwọn ọmọ di iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ mú, kí wọ́n má ṣe tẹ̀lé ìlànà òyìnbó.

Ṣé dandan ni kí ayàwòrán mú ọ̀kan, kí ó sì kọ ìkejì? Ní ọdún 1958, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Zaria dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì dáhùn pé rárá. Uche Okeke wà lára wọn, ó ń wàásù pé kí a ṣa èyí tí ó dára nínú ti ilé àti ti òkèèrè, kí a dà wọ́n pọ̀. Yusuf Grillo (1934–2021), ọmọ Èkó, fi ọ̀dà sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Obìnrin inú àwòrán rẹ̀ wé gèlè bí ìyàwó ojú pópó, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, àwọ̀ rẹ̀ sì rí bí aró. A mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ ni a kò pàdé rẹ̀ rí.

Ní Òṣogbo, ọ̀rọ̀ gba ibòmíràn yọ. Duro Ladipo àti Ulli Beier dá Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1962. Ní ọdún 1964, Georgina Beier ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níbẹ̀. Twins Seven-Seven (1944–2011) wà lára wọn. Iwin àti ẹranko abàmì ni ó ń yà, tí ìlà wẹ́wẹ́ kún gbogbo ara wọn, bí ẹni pé wọ́n jáde láti inú igbó Fágúnwà àti Tutùọlá. Jimoh Buraimoh ní tirẹ̀ to ìlẹ̀kẹ̀ pọ̀ di ojú àti ara.

Àwọn kan ní àìkàwé ni ó bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ tún un wò. Ìpẹ́ ara iwin náà, ìpẹ́ ẹja ni. Èékánná rẹ̀, ti ẹyẹ ni. Ẹni tí kò bá fi ojú sí ẹja àti ẹyẹ kò lè ya iwin tí yóò ba ọmọdé lẹ́rù. Orí òtítọ́ ni àlá dúró lé.

Nítorí náà, kí olùkọ́ tí ó bá gbé àwòrán wọ kíláàsì fi ìbéèrè mìíràn kún 'Ǹjẹ́ ó jọ ọ́?' Kí ó bi àwọn ọmọ pé, 'Kí ni ó rán yín létí?' Ìdáhùn wọn lè má jọra, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni yóò tún àwòrán náà wò kí wọ́n tó dáhùn.