Ohùn Òkè Kì í Ṣe Ohùn Obìnrin: Alfred Deller àti Àwọn Àwo Orin Rẹ̀

  Iṣẹ́ òru ni mo ti ń bọ̀, mo ti wẹ̀, mo ti mu tíì, torí náà ẹ má wo ojú mi tó wú. Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n máa rọra sọ̀rọ̀ kí Yorùbá yín lè máa bá mi bọ̀, mo ti gbọ́. Màá rọra.

Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ìyá kan nínú ìjọ kan tí n kò ní dárúkọ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi yín ní ọ̀rọ̀ kan." Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ohùn rẹ̀ ti ki, tó bá gbé fóònù ẹ ó rò pé bàbá rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n tó bá ń kọrin, alto ló ń kọ, láàárín àwọn obìnrin, ó sì ń kọ ọ́ dáadáa. Àgbàlagbà kan ló dá orin dúró níwájú gbogbo akọrin, ó ní, "Ìwọ yìí, ṣé ọkùnrin ni ọ́ àbí obìnrin?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kò padà sí ìdánrawò mọ́. Ohun tí ìyá rẹ̀ wá fẹ́ mọ̀ lọ́wọ́ mi ni pé ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe ọmọ òun lára.

Mo dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀ pé kò sí. Ṣùgbọ́n ìdáhùn tó yẹ kí n fún un gùn ju èyí tí èèyàn lè sọ níbi tí wọ́n ti ń pín ráìsì lọ. Òun ni mo fẹ́ sọ lónìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti ara, torí iṣẹ́ mi nìyẹn. Nínú gògóńgò wa, ìṣẹ́po ẹran ara méjì ló wà níbẹ̀ tó máa ń gbọ̀n nígbà tí èémí bá gba àárín wọn kọjá. Tán-án-ná ni àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá ń pè é. Tí ọmọkùnrin bá bàlágà, tán-án-ná rẹ̀ á gùn sí i, á nípọn sí i, ohùn rẹ̀ á sì wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn òkè kò lọ síbì kankan. Tí ó bá fa tán-án-ná náà tẹ́ẹ́rẹ́, tó fi jẹ́ pé etí rẹ̀ nìkan ló ń gbọ̀n, ohùn òkè á jáde. Gbogbo ọkùnrin ló ní in. Tí bàbá yín bá ń sín ìyá yín jẹ láti fi pa yín lẹ́rìn-ín, ohùn yẹn náà ni. Ẹni tí wọ́n ń pè ní countertenor ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ tirẹ̀ ni, títí tó fi lágbára, tó fi dọ́gba láti ìsàlẹ̀ dé òkè, tó fi lè gbé ọ̀rọ̀ dúró. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ lásán, ohùn wọn ki gẹ́gẹ́ bí ti ọmọ yẹn.

Ohun tó ń da èèyàn láàmú ni pé wọ́n ń pa wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá. Ìyẹn náà ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ní Ítálì, ó lé ní 200 ọdún tí wọ́n fi ń tẹ àwọn ọmọkùnrin kan lọ́dàá nítorí orin, kí ohùn wọn má bàa wálẹ̀. Àwa náà kúkú mọ ìwẹ̀fà. Ìjòyè ńlá ni Ọ̀nà Ẹfà, Ọ̀tún Ẹfà àti Òsì Ẹfà láàfin Ọ̀yọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tiwa kì í ṣe nítorí orin. Nínú àwọn akọrin Ítálì wọ̀nyí, ẹnì kan ṣoṣo tó dá kọrin sínú àwo ni Alessandro Moreschi, akọrin ilé ìjọsìn Póòpù. Gramophone Company lọ bá a ní Róòmù ní 1902 àti 1904, wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó kú ní 1922. Ní ọdún 1922 yẹn kan náà, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fela, wá sí Lọ́ńdọ̀nù níbí, ó kọ orin Yorùbá 43 sínú àwo fún Zonophone, tó jẹ́ ti Gramophone Company yẹn náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n máa yà báyìí díẹ̀díẹ̀, mo fẹ́ràn irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí mo ń mú bọ̀ kì í ṣe irú Moreschi. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ ọ̀bẹ kan Alfred Deller. Ọkùnrin gíga onírùngbọ̀n ni, ó ní ìyàwó, ó bí ọmọ mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn, Mark, sì di countertenor bíi tirẹ̀. Síbẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ ìbéèrè àgbàlagbà yẹn. Ìtàn kan wà tí wọ́n máa ń sọ pé obìnrin ará Jámánì kan bi í bóyá ìwẹ̀fà ni. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ìwẹ̀fà àti ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ẹni tí kò ní ẹlẹgbẹ́ jọra létí. Ni Deller bá dá a lóhùn bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kejì ló gbọ́. Bóyá ó ṣẹlẹ̀, bóyá wọ́n ṣe é lẹ́wà ni, ó fi hàn wá pé ẹrù náà wà lórí rẹ̀.

Margate, létí òkun ní Kent, ni wọ́n ti bí Deller ní 1912. Ó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì láti kékeré. Nígbà tí ohùn rẹ̀ wálẹ̀ bíi ti gbogbo ọkùnrin, kò sọ̀kalẹ̀ tẹ̀ lé e, ó ń kọ ohùn òkè lọ ní tirẹ̀. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ orin ńlá kankan tó kọ́ ọ. Ó ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta àga àti tábìlì. Ní 1940 ó di akọrin alto ní kàtídírà Canterbury. Ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò jẹ́ kó jagun, torí náà oko ló ń bá wọn ṣe nígbà ogun, ó sì ń kọrin.

Ẹ fi sọ́kàn pé ní kàtídírà àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin ti ń kọ alto tipẹ́tipẹ́. Ṣùgbọ́n inú ṣọ́ọ̀ṣì ni ohùn náà wà, láàárín èrò. Kò sẹ́ni tó rò pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè dá dúró níwájú èèyàn kó máa dá kọrin. Michael Tippett, tó ń kọ orin, tó sì ń darí orin ní Morley College ní Lọ́ńdọ̀nù, ló gbọ́ ọ ní Canterbury nígbà ogun. Tippett ti ń wá ẹni tí yóò lè kọ orin Henry Purcell, tó kú ní 1695, bó ṣe yẹ kó rí. Purcell kọ ọ̀pọ̀ orin fún ohùn kan tó ń pè ní countertenor. Tippett gbọ́ Deller, ó ní ohùn náà rèé. Orúkọ àtijọ́ yẹn ni wọ́n gbé fún un. Nígbà tí BBC ṣí ilé rédíò tuntun wọn, Third Programme, ní ọjọ́ 29 oṣù September 1946, Deller kọ orin Purcell lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Tippett ló darí rẹ̀. Ní 1947 ó kó wá sí kàtídírà St Paul's ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí àwọn àwo náà gan-an. Ohùn Deller kò tóbi. Ká ní kò sí maikirofóònù àti àwo ni, mi ò rò pé èmi àti ẹ̀yin ìbá mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n maikirofóònù ń gbọ́ ohun kékeré, ohun kékeré ni Deller sì mọ̀ ọ́n ṣe jù. Á bẹ̀rẹ̀ ohùn kan láti inú ìdákẹ́jẹ́ẹ́, á jẹ́ kó wú díẹ̀díẹ̀, á tún fà á sẹ́yìn títí tí ẹ ò ní mọ ìgbà tó parí. Ẹ gbọ́ "Music for a While" ti Purcell, tó gbà sílẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ohùn ìsàlẹ̀ orin náà ń tún ọ̀nà kan náà rìn ṣáá, ohùn akọrin sì ń ṣe tirẹ̀ lókè. Ẹni tó bá mọ ìlù wa á ti mọ ibi tí mò ń lọ: omele ń sọ ohun kan náà, ìyáàlù ń sọ̀rọ̀ bó ṣe wù ú. Deller kì í já mọ́ orí ìlù náà tààrà. Á dúró díẹ̀, á jẹ́ kó kọjá, lẹ́yìn náà á wá bá a.

Ní 1954, ní Vienna, ó kọ kàǹtátà Bach méjì, nọ́ńbà 54 àti nọ́ńbà 170, fún Vanguard. Gustav Leonhardt àti Nikolaus Harnoncourt wà lára àwọn tó lùlù fún un, kò sì tíì sí èyí tó pé ọgbọ̀n ọdún nínú àwọn méjèèjì. Wọ́n padà di ọ̀gá nídìí orin àtijọ́. Ó tún bá Desmond Dupré ṣe àwo orin John Dowland àti orin ìbílẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú lute, ohun èlò olókùn tó dà bíi gìtá. Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Tí mo bá sọ̀ ní Upney láàárọ̀, tí mo rin ìrìn díẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ Eastbury Manor House, mo máa ń fi àwo yẹn sétí. Ilé yẹn ti wà níbẹ̀ láti ayé Ọbabìnrin Elizabeth Kìn-ín-ní, ayé tí Dowland náà gbé. Ẹsẹ̀ á ti máa dùn mí, ṣùgbọ́n mi ò ní sáré wọlé.

Mi ò ní purọ́ fún yín o. Ìgbà mìíràn wà tí Deller máa ń tẹ ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ jù, tí ẹ ó fẹ́ kó kọjá lọ. Nínú díẹ̀ lára àwọn àwo tó ṣe fún Harmonia Mundi nígbẹ̀yìn ayé rẹ̀, ohùn náà ti rẹ̀, ó ti rọ. Èmi ṣì ń gbọ́ wọn.

Ibi tó ti dùn ún jù ni ti Benjamin Britten. Britten kọ eré olórin láti inú *A Midsummer Night's Dream* ti Shakespeare, ó sì kọ Oberon, ọba àwọn iwin, fún ohùn Deller. Ọba o! Wọ́n ṣe é ní Aldeburgh ní ọjọ́ 11 oṣù June 1960. Deller kì í ṣe òṣèré, àwọn tó ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn kò sì ṣàánú rẹ̀. Nígbà tí eré náà dé Covent Garden ní 1961, Russell Oberlin láti Amẹ́ríkà ni wọ́n fún ní ipò náà. Ẹni tí wọ́n dá aṣọ fún, wọ́n gbé aṣọ náà wọ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ní 1966, nígbà tí Britten fúnra rẹ̀ darí eré náà fún àwo Decca, Deller ló pè padà fún Oberon. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ìròyìn, ta ló ń kà á mọ́? Àwo náà wà níbẹ̀. James Bowman tó tẹ̀ lé e, tó kú ní 2023, fi Oberon yìí kan náà di olókìkí, ó sì mọ eré ṣe.

Ẹnì kan á ní kí ló wá kan Yorùbá níbẹ̀. Ó kàn wá. Lọ́dún tí BBC gbé ohùn Deller sáfẹ́fẹ́, Fela Sowande wà ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, òun ló ń tẹ dùùrù ní Kingsway Hall. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ó kọrin ní Cathedral Church of Christ, Marina, l'Ékòó, lábẹ́ T. K. Ekundayo Phillips, tó darí orin níbẹ̀ láti 1914 títí di 1962. Phillips kọ́ṣẹ́ orin ní Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì kọ ìwé lórí orin Yorùbá ní 1953. Àṣà orin kàtídírà tí Deller ti jáde, àwọn bàbá wa mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ẹ tún jẹ́ ká lọ sídìí bàtá. Èyí tó tóbi jù, tí ohùn rẹ̀ ń dún nísàlẹ̀, kí ni wọ́n ń pè é? Ìyáàlù. Ìyá! Àwọn omele ńkọ́? Omele abo àti omele akọ wà. Èwo ni ohùn rẹ̀ ga jù nínú àwọn méjèèjì? Akọ ni. Àwọn tó sọ ìlù wọ̀nyí lórúkọ kò rò pé ohùn ìsàlẹ̀ ni ti ọkùnrin, tí ti òkè sì jẹ́ ti obìnrin. Mi ò mọ ibi tí àgbàlagbà yẹn ti rí tirẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́dọ̀ onílù.

Tí ọmọ náà bá sì ní òyìnbó ni gbogbo wọn, Derek Lee Ragin rèé, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú. Nígbà tí wọ́n ń ṣe fíìmù *Farinelli* ní 1994, kò sí ẹnì kan tó lè dá gbé ohùn ìwẹ̀fà àtijọ́ yẹn, wọ́n bá fi kọ̀ǹpútà po ohùn Ragin mọ́ ti obìnrin kan, Ewa Małas-Godlewska. Reginald Mobley náà wà, aláwọ̀ dúdú láti Florida. Òun àti Baptiste Trotignon tó ń tẹ piano ṣe àwo kan ní 2023 tí wọ́n pè ní *Because*, tí orin àwọn ẹrú Amẹ́ríkà wà nínú rẹ̀. Wọ́n yàn án fún Grammy, àmọ́ kò gbà á. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń kọ orin àwọn baba ńlá rẹ̀ pẹ̀lú ohùn yẹn.

Mo ti fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá náà: ti Purcell, ti Dowland, ti Mobley. Ọmọ rẹ̀ kò tíì padà sí ìdánrawò, mo sì ti bẹ̀ ẹ́ pé kó má fipá mú un. Ṣùgbọ́n lálẹ́ àná, kí n tó wọ iṣẹ́, ọmọ náà fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí mi lórí WhatsApp. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: "Àǹtí, Deller yìí, níbo ló ti ń mí?" Mo ń lọ gbọ́ àwo náà lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó dá a lóhùn.