Ṣé ẹ máa ń gbàgbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru?

Ìbéèrè mẹ́rin ni Morisky àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde l'Amẹ́ríkà ní 1986. Ṣé ẹ máa ń gbàgbé oògùn? Ṣé ẹ máa ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un? Tára bá yá, ṣé ẹ máa ń dá a dúró? Tó bá ń dà yín láàmú ńkọ́?

Mo bi ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tó ń gbé Ajégúnlẹ̀, tó ń tajà l'Àpápá, ní àkọ́kọ́. "Rárá o!"

Mo tún un bi: "Mọ́mì, kò sẹ́ni tí kì í gbàgbé. Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ò lò ó lọ́sẹ̀ yìí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ara mi ti yá, àgbo ni mo mu."

Títúmọ̀ ìbéèrè nìkan ò tó. Ẹ má jẹ́ kó dà bí ẹ̀sùn. Ẹ̀jẹ̀ lè ga kára má sọ nǹkan kan. Ẹ má dá oògùn dúró láì rí dókítà.