Káàdì ìyàwó àti pósítà òkú: Bí àṣà Amẹ́ríkà ṣe wọ ọ̀rọ̀ ikú àti ìfẹ́ l'Abúlé Òkúta

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni wọ́n fi ń dá Ṣómólú mọ̀ n'Ìpínlẹ̀ Èkó. Bí ìgbéyàwó bá délẹ̀ l'Abúlé Òkúta, ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé Ṣómólú kò jìnnà. Bí bàbá tàbí ìyá bá sì papòdà, ọ̀dọ̀ wọn náà ni. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo ohun tí wọ́n ń tẹ̀ yóò rí àṣà Amẹ́ríkà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ti ikú jinlẹ̀ ju ti ìfẹ́ lọ.

Láyé àtijọ́, òkú kì í pẹ́ nílẹ̀. Wọn yóò wẹ̀ ẹ́, wọn yóò di í, wọn yóò sì sin ín, nígbà púpọ̀ sínú ilé rẹ̀, kí ìnáwó tó tẹ̀ lé e bó bá jẹ́ òkú àgbà. Àwọn Mùsùlùmí kò fi ti kíá kúrò níbẹ̀ títí dòní. Láàárín àwọn Kristẹni ni òkú ti ń lo ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ní mọ́ṣúárì, kí ọmọ tó wà lókè òkun lè dé.

Oògùn tí wọ́n ń fà sí òkú lára kó má baà jẹrà ló mú èyí rọrùn. Amẹ́ríkà ló ti di òwò ńlá, lásìkò ogun abẹ́lé wọn láàárín 1861 sí 1865, nígbà tí àwọn òbí ń fẹ́ kí wọ́n gbé òkú ọmọ wọn tó kú sójú ogun wálé. Dókítà Thomas Holmes lókìkí nídìí iṣẹ́ náà. Nígbà tí wọ́n yìnbọn pa Ààrẹ Abraham Lincoln ní oṣù kẹrin, ọdún 1865, ọkọ̀ ojú irin gbé òkú rẹ̀ láti Washington lọ sí Springfield, àwọn aráàlú sì ń tò láti wò ó lọ́nà.

Owó mọ́ṣúárì kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Èyí tó tún le ni pé ọmọ tí kò ní ìwé ìgbélùú l'Amẹ́ríkà kò lè wálé, nítorí bó bá jáde, kò ní í rọ́nà padà. Orí fóònù ló ti ń wo ìsìnkú ìyá rẹ̀, ìsìnkú tí owó rẹ̀ gbọ́.

Síbẹ̀, Amẹ́ríkà kò yí òkú ọ̀fọ̀ padà. Bí ọ̀dọ́ bá kú, kò sí ànkóò, kò sí ìlù, òbí kì í sì í dé ibi sàréè.

Ní ti ìfẹ́, àrokò ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ nígbà kan. Owó ẹyọ mẹ́fà túmọ̀ sí pé ọkàn mi fà sí ọ. Ẹni tó bá gbà yóò fi mẹ́jọ dáhùn, pé ọ̀rọ̀ wa jọ. Káàdì ọjọ́ olólùfẹ́, 14 oṣù kejì, ti wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí Esther Howland tó sọ ọ́ di òwò ní Worcester, ní Massachusetts, ní nǹkan bí ọdún 1848. L'Èkó, aṣọ pupa àti àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù ló pọ̀ jù lọ́jọ́ náà. Àwọn ọ̀dọ́ ń fẹ́ra wọn láìsí alárinà, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá gbé káàdì ìyàwó lọ fún atẹ̀wé, orúkọ ìdílé méjèèjì ni wọ́n ṣì ń kọ sókè, kí orúkọ tọkọtaya tó tẹ̀ lé e.