Ojú Ta Ni Alákàn Fi Ń Ṣọ́rí?

"Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí." Orí ọ̀pá kékeré méjì ni ojú alákàn wà, bó bá fura, á ká a wọ ihò rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi alákàn sílẹ̀ ná.

"Ṣọ́" gan-an ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Ọdẹ ń ṣọ́ ilé, olè náà ń ṣọ́ ilé: ọ̀rọ̀ kan náà, ohùn kan náà. Wọ́n á ní èrò inú ló yà wọ́n. Kò rí bẹ́ẹ̀ tán; bàbá tó ń yọ́ ka lẹ́tà ọmọ rẹ̀ kò ní èrò ibi. Ìkíni ló yà wọ́n. Ẹni tó bá kọjá lọ́dọ̀ ọdẹ lóru á ní, "Ẹ kú ìṣọ́ o," ọdẹ á sì dáhùn. Ta ní í kí olè bẹ́ẹ̀? Èyí tí ẹni tí à ń ṣọ́ mọ̀ sí ni ìṣọ́. Èyí tí kò mọ̀ sí, amí ni.

Irú méjèèjì wà nínú irinṣẹ́ tí òbí ń fi sórí fóònù ọmọ. Family Link, tí Google gbé jáde ní 2017, kì í fara pamọ́ fọ́mọ. Ó ń fi òdiwọ̀n sí wákàtí, ó ń dúró de àṣẹ òbí kí ọmọ tó gba áàpù tuntun, ó sì ń sọ ibi tí fóònù wà. Ọ̀pọ̀ rò pé ó ń ka WhatsApp ọmọ fún wọn; kì í kà á. Áàpù mSpy ni irú kejì: ó lè sá pamọ́, kó máa da ọ̀rọ̀ ọmọ kọ fún òbí. Ní 2015, àṣírí tó kó jọ tú sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní 2024, ti àwọn oníbàárà rẹ̀ tún tú. Amí kò lè ṣọ́ ilé ara rẹ̀.

Ṣé wọ́n tilẹ̀ ń dáàbò boni? Ní 2017, Andrew Przybylski àti Victoria Nash ní Oxford wo ọmọ 515, ẹni ọdún 12 sí 15, ní Britain. Wọn ò rí i pé asẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì inú ilé, tí ń dí ohun tí kò yẹ ọmọdé, gba àwọn ọmọ náà lọ́wọ́ ohun tí ń dẹ́rù bani.

Ká wá sí Bassila, ní orílẹ̀-èdè Benin, wàyí. Asẹ́ tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé hun, báwo ni yóò ṣe gbọ́ èdè Anii tàbí èdè Nàgó ti Manigri tí wọ́n ń sọ níbẹ̀? Ọmọ lè má tilẹ̀ tẹ ọ̀rọ̀. Á fi ìka di bọ́tìnì mú, á sọ ọ́ lẹ́nu, á jù ú sílẹ̀, ó ti lọ. Fóònù náà sì lè jẹ́ ti ìyá rẹ̀. Irinṣẹ́ mọ fóònù. Kò mọ ọwọ́ tó dì í mú.

Ní Benin, kì í ṣe pé kí wọ́n lu ọmọ ní jìbìtì nìkan là ń bẹ̀rù. À ń bẹ̀rù kó má baà di gayman, ìyẹn oníjìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì, fúnra rẹ̀. Òfin 2017-20, ti ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin 2018, ń fìyà jẹ irú wọn. Ṣùgbọ́n asẹ́ wo ló lè sẹ́ ọ̀rẹ́ kíláàsì tó gun alùpùpù tuntun dé?

Àbí mo ti gbàgbé alákàn? A lè fi òwe yìí kìlọ̀ fún olórí ilé. Ẹ tún un gbọ́: orí ara rẹ̀ ni alákàn ń ṣọ́, ojú ara rẹ̀ ló sì fi ń ṣọ́ ọ, kò yá ti ìyá rẹ̀ lò. Irinṣẹ́ dára fọ́mọ kékeré, bí a bá fi hàn án. Bó bá ń dàgbà, ẹ jókòó tì í, kó ṣí ọ̀rọ̀ tí àjèjì kan fi ránṣẹ́, kó sọ ohun tó mú un fura níbẹ̀. Ojú tirẹ̀ ló ń yọ yẹn.