Àwo Orin Àtijọ́ ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀: Kí Gan-an Ni À Ń Sanwó Fún?

Láàárín ọdún 1969 sí 1971, awalẹ̀pìtàn kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ekpo Eyo wa ilẹ̀ ní Igbó'Lájà ní ìlú Ọ̀wọ̀, lábẹ́ ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Àwọn ère amọ̀ tó hú jáde níbẹ̀ ti wà nínú ilẹ̀ láti nǹkan bíi 500 ọdún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti fọ́, ṣùgbọ́n ojú, imú àti ẹnu wọn ṣì hàn kedere. Ní àwọn ọdún kan náà tí wọ́n ń wa ilẹ̀ yìí, ohun mìíràn tí yóò di ìṣẹ̀ǹbáyé lọ́jọ́ iwájú ń wọ ilé àwọn ará ìlú lórí ilẹ̀: àwo orin dúdú, tí wọ́n ń gbé lé ẹ̀rọ giramafóònù nígbà ọdún, ìsọmọlórúkọ àti ìgbéyàwó. Ère amọ̀ lo 500 ọdún nínú erùpẹ̀. Àwo orin kò tíì lo 60 ọdún, ó sì ti ń kú lọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti lórí àjà.

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọmọ fi ń kó àwo tí bàbá tàbí ìyá wọn fi sílẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń gba owó láti da orin inú rẹ̀ kọ sínú sídì tàbí kọ̀ǹpútà. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn tó san owó, ó yẹ kí ó mọ ohun tó ń rà. Ìtàn àwo orin nílẹ̀ wa nìkan ló lè sọ ìyẹn fún un.

Ohùn Yorùbá ti pẹ́ nínú àwo. Láàárín ọdún 1920 sí 1930, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá, kọ orin ìyìn 43 fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ́nù. Ní àwọn ọdún 1930, Túndé King náà kọ orin jùjú fún Parlophone. Àwo ìgbà náà kì í ṣe ike. Ohun tí wọ́n fi ń ṣe é ni shellac, èyí tí wọ́n ń rí láti ara oje tí kòkòrò kan ń pọn sára igi. Ó wúwo, ó sì máa ń fọ́ bí àwo ìjẹun bó bá bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Ó ń yí nígbà 78 láàárín ìṣẹ́jú kan, ojú kan rẹ̀ kò sì gbà ju orin nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Akọrin tó bá fẹ́ ki ènìyàn ní àkìdélẹ̀ kò ráyè nínú rẹ̀.

Ọdún 1948 ni ilé-iṣẹ́ Columbia ní Amẹ́ríkà gbé àwo ńlá alájẹpẹ́ jáde, èyí tí wọ́n fi ike ṣe, tí ojú kan rẹ̀ lè gba ohun tó ju 20 ìṣẹ́jú lọ. Nígbà tí irú àwo yìí gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wa, orin Yorùbá mí kanlẹ̀. Akọrin lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àdúrà, kí ó bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ìmọ̀ràn, kí ó ki olówó àti ọ̀rẹ́, kí ìlù sì dá sọ̀rọ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni dá a dúró. Nígbà tí Hárúnà Ìṣọ̀lá gbé Oroki Social Club jáde ní ọdún 1971, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀rẹ́ kan ní Òṣogbo ló fi orin náà yẹ́ sí. Àwo di ibi tí à ń kọ orúkọ ènìyàn sí, bí ìgbà tí ìlú mìíràn ń kọ orúkọ sára òkúta.

Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ ní ìpín tiwọn nínú ìtàn yìí, ìpín náà kò sì kéré. Ọládipúpọ̀ Owómóyèlà, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Orlando Owoh, jẹ́ ọmọ ìhà méjèèjì. Òṣogbo ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1932, ṣùgbọ́n ará Ìfọ́n, tí í ṣe olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀ lónìí, ni bàbá rẹ̀. Ará Ọ̀wọ̀ sì ni ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ káfíńtà ló ń ṣe kí ó tó wọ ẹgbẹ́ òṣèré Kọ́lá Ògúnmọ́lá ní ọdún 1958, níbi tó ti ń lùlù tó sì ń kọrin. Ní ọdún 1960, ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀, Omimah, sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Young Kenneries àti African Kenneries dé. Nígbà tí jùjú àti fújì gba ìgboro kan, Orlando kò fi háílàìfù rẹ̀ sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ tó wúwo tó sì há díẹ̀ kò jọ ti ẹlòmíràn. Kí ó tó kú ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, àwo tó ṣe ti lé ní 40.

Ibo wá ni àwọn àwo wọ̀nyí wà? Ibí ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dunni. Nígbà tí akọrin bá kọrin, inú téèpù ńlá ni wọ́n ń gbà á sí lákọ̀ọ́kọ́. Láti ara téèpù yìí ni wọ́n ti ń ṣe ohun èlò tí wọ́n fi ń tẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwo. Ẹni tó bá ní téèpù náà ló ní ìyá, gbogbo àwo tó kù jẹ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó tẹ àwo fún wa kò dúró sójú kan. Decca di Afrodisia. Philips di Phonogram, Phonogram di PolyGram, PolyGram di Premier. EMI di Ivory. Àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké tí àwọn oníṣòwò wa dá sílẹ̀ pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì bá olówó wọn lọ. Kásẹ́ẹ̀tì, tí Philips gbé jáde ní ọdún 1963, rọrùn láti dà kọ, ó sì rọrùn láti jí. Nígbà tí àwọn ọdún 1980 ń parí lọ, òun ló gba ọjà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wo sì dákẹ́. Bí ilé-iṣẹ́ bá kó kúrò nínú ilé kan, bí ó bá kó gbèsè, bí olórí rẹ̀ bá kú, téèpù ni ohun ìkẹyìn tí àwọn ènìyàn máa ń rántí.

Nítorí náà, fún orin púpọ̀, ìyá ti kú. Ọmọ tó wà nínú àpò bébà ní ilé àgbà kan ní Ìdọ̀àní tàbí ní Ọ̀kẹ́lúsẹ́ lè jẹ́ ọ̀kan nínú ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù láyé. Ẹni tó kó o dání rò pé ẹrù bàbá òun ni. Ohun tó kó dání gan-an ni ẹ̀rí.

Àwọn ẹlòmíràn ti rí i kí àwa tó rí i. Ní ọdún 1995, ilé-iṣẹ́ Original Music ní Amẹ́ríkà gbé orin Orlando Owoh jáde nínú sídì, wọ́n sì pè é ní Dr. Ganja's Polytonality Blues. Àjèjì tó wà lẹ́yìn òkun lè fi owó ra ohùn ọmọ Ìfọ́n nínú sídì nígbà tí àwo tirẹ̀ ń gba eruku ní Ìfọ́n. Ní orílẹ̀-èdè Gíní, ìjọba ló ni ilé-iṣẹ́ agbáwojáde Syliphone, rédíò ìjọba ní Conakry ló sì ń tọ́jú téèpù. Ìjà àwọn ológun tó fẹ́ gba ìjọba ní ọdún 1985 ba ilé rédíò náà jẹ́. Síbẹ̀, láti ọdún 2008, Graeme Counsel, olùwádìí láti Ọsirélíà, bá àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ da orin 9,410 kọ sínú kọ̀ǹpútà, ilé ìkàwé ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì fi wọ́n sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé. Ní Èkó, Evergreen Musical Company ti Olóyè Fẹ́mi Ẹ̀ṣọ́ ti lo ọ̀pọ̀ ọdún láti kó orin àtijọ́ jọ àti láti yí wọn sí sídì. Àpẹẹrẹ Gíní àti ti Èkó fi hàn pé iṣẹ́ náà ṣeé ṣe. Ó tún fi hàn pé kò sí ìjọba kankan tó máa wá bá wa kó ti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Bí ìdílé kan bá wá fẹ́ sanwó fún iṣẹ́ yìí, àwọn ìbéèrè wo ni ó yẹ kí ó bi aṣàdàkọ? Àkọ́kọ́ ni abẹ́rẹ́. Ipa tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀ nínú àwo 78 fẹ̀ ju ti àwo ike lọ púpọ̀. Ẹni tó bá fi abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ṣe méjèèjì, ariwo ni yóò gbà sílẹ̀. Èkejì ni ìfọ̀. Omi tí kò ní èérí nínú àti aṣọ múlọ́múlọ́ tó fún àwo ike. Ọtí líle tí àwọn kan fi ń nu àwo máa ń yọ́ shellac. Ẹni tó bá fi í nu àwo 78 ti pa á. Ẹ̀kẹta ni eré ẹ̀rọ. Bí rọ́bà tó ń yí ẹ̀rọ bá ti fà, ohùn akọrin yóò wálẹ̀, ìlù yóò máa wọ́lẹ̀, ọmọ tí kò gbọ́ orin náà rí yóò sì rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́. Èyí léwu fún èdè olóhùn bíi tiwa, nítorí gángan ń sọ̀rọ̀ ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì wà nínú òkè àti ilẹ̀ ohùn.

Ẹ̀kẹrin ni irú àdàkọ tí wọ́n máa fún yín. Kí wọ́n fún yín ní èyí tí wọn kò fún pọ̀, tí à ń pè ní WAV, kí wọ́n tó ṣe MP3 kékeré tí ẹ máa gbọ́ lórí fóònù. Kí wọ́n má sì ha gbogbo ariwo àwo dànù, nítorí ẹni tó bá ń ha ariwo láìṣọ́ra máa ń ha ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀karùn-ún, ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé sídì nìkan. Sídì tí wọ́n ń kọ ní ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tí ilé-iṣẹ́ tẹ̀. Àwọ̀ kan tó wà nínú rẹ̀ ló ń gba orin dúró, oòrùn àti ooru sì ń pa àwọ̀ yìí. Ẹ fi ẹ̀dà kan sí ibòmíràn, kí ẹ sì fi òmíràn sọ́wọ́ ìbátan tó wà ní ìlú mìíràn.

Iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò lè pọ́ọ́kú. Àwo tó ní 40 ìṣẹ́jú orin yóò gba 40 ìṣẹ́jú kí ó tó wọlé tán, kò sí ọ̀nà àbùjá, ká má tíì sọ ti ìfọ̀ àti ìpín orin sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á.

Ọ̀rọ̀ òfin náà wà ńbẹ̀. Ríra àwo kò sọ ẹni tó rà á di olówó orin. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti ọdún 2022 ní Nàìjíríà dáàbò bo iṣẹ́ olórin títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó sì dáàbò bo ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ fún 50 ọdún lẹ́yìn tó jáde. Èyí já sí pé orin tí Orlando Owoh fúnra rẹ̀ kọ kò ní di ti gbogbo ayé kí ọdún 2078 tó parí. Kí ìdílé da àwo tirẹ̀ kọ láti máa gbọ́ nínú ilé yàtọ̀ sí kí ènìyàn máa tà á ní ọjà. Aṣàdàkọ tó bá ń tọ́jú ẹ̀dà àwo yín láti tà á ti kúrò nínú iṣẹ́ tí ẹ bẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, àwo ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ju àwo sí ààtàn ní kété tí sídì bá ti dé ọwọ́ wọn. Àṣìṣe ńlá ni. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àdàkọ ni aṣọ tuntun, àwo tó ti ha ni àkísà, ara àkísà sì ni ìtàn wà. Nọ́ńbà tó wà ní àárín àwo, orúkọ ilé-iṣẹ́, àwòrán ẹ̀yìn àpò rẹ̀, ìfọwọ́sí ẹni tó fi ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́rẹ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, kò sí èyí tó ń wọ inú sídì. Ẹ ya àwòrán gbogbo rẹ̀, kí ẹ sì gbé àwo náà dúró ní òòró níbi tí oòrùn kò dé. Ọ̀wọ̀ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ó sì ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Rufus Giwa. Kò sí ohun tó burú bí àwọn ìdílé bá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́wọ́ wọn pé kí wọ́n ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún ohùn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ya yàrá sọ́tọ̀ fún ère àti ìwé.

Iṣẹ́ kan sì wà tí aṣàdàkọ kankan kò lè bá wa ṣe, iye owó tó wù kí a san. Nígbà tí akọrin bá ń pe orúkọ nínú àwo, ẹ̀rọ yóò gba orúkọ náà, ṣùgbọ́n kò ní sọ ẹni tó jẹ́ fún wa. Ta ni olóyè tó ń kì yẹn? Adúgbò wo ló ti wá? Inú ayẹyẹ ta ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ orin yìí? Àwọn tó mọ ìdáhùn ṣì wà láàyè ní Ọ̀wọ̀, ní Ìfọ́n, ní Ìdọ̀àní, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀ mọ́. Ẹ gbé orin náà sí i fún wọn, kí ẹ mú bírò àti ìwé dání. Ère Igbó'Lájà ní ojú, ó ní imú, ó ní ẹnu, ṣùgbọ́n ẹni tó hú u jáde kò rí ẹnì kan tó lè sọ fún un pé lágbájá ọmọ làkáṣègbè rèé. Ojú rẹ̀ wà, orúkọ rẹ̀ ti lọ. Ohùn tí a fi owó gbà là láìmọ orúkọ inú rẹ̀ kò ní yàtọ̀ sí i.