Ta Ló Ni Ọjọ́? Ìrun Jímọ̀, Ọdún àti Ìdánwò ní Ìkẹjà àti Agége

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí Ó fi òòrùn àti òṣùpá fún ọmọ adáríhurun láti máa fi ka ọjọ́. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ kíkà yìí gan-an ni a fẹ́ bá yín sọ: ta ló ń ṣètò ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ fi ń sinmi, tí wọ́n fi ń kírun, tí wọ́n fi ń ṣọdún?

Ọ̀kan nínú àwa tí a ń kọ ìwé yìí ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rí ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan tí kò jìnnà sí Ìkẹjà. Ní ọdún kan, wọ́n fi ìdánwò sí aago kan ààbọ̀ ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀. Olùkọ́ tí ó ń ṣọ́ ìdánwò náà, onígbàgbọ́ ni, sọ fún àwọn Mùsùlùmí pé kí wọ́n sáré lọ kírun kí wọ́n sì tètè dé, ó tún fi ogún ìṣẹ́jú kún àkókò wọn. Nígbà tí ó di ọdún kejì, ìdánwò mìíràn tún bọ́ sí wákàtí yẹn. Olùkọ́ mìíràn ni a bá níbẹ̀, Mùsùlùmí bíi tiwa sì ni. Ó ní nínú ìwé tí wọ́n fún òun, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọlé lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹni wa kírun, ó pàdánù ìdánwò, ó sì fi ọdún kan gbáko tún iṣẹ́ náà ṣe. A ti rò ó títí, a kò rí èyí tí a lè bá wí nínú àwọn olùkọ́ méjèèjì. Àánú ni èkíní ṣe, èkejì sì ṣe ohun tí ìwé wí. Ohun tí kò sí nínú ìwé ni ó jẹ ọdún ẹni wa.

Kì í ṣe òní ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Ọjà ọrọọrún ni àwọn baba ńlá wa fi ń ka ọjọ́ kí òyìnbó tó dé. Àwọn tí ó ti gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù nínú wọn ń ka ọjọ́ méje mọ́ ọn nítorí ìrun Jímọ̀, ìdí nìyí tí Àtìní, Àtàláátà, Àlàárùbá àti Àlàmísì fi wà lẹ́nu àwọn àgbà wa, tí onígbàgbọ́ pàápàá sì ń pe ọjọ́ Ẹtì ní Jímọ̀ láìronú sí i. Nígbà tí ìjọba amúnisìn àti àwọn míṣọ́nnárì gbé ilé ẹ̀kọ́ àti ọ́fíìsì kalẹ̀ ní Èkó, ọjọ́ Àìkú ni wọ́n fi ṣe òpó ọ̀sẹ̀. Mùsùlùmí tí ó bá fẹ́ kí ọmọ òun mọ ìwé òyìnbó ní láti fi ọmọ náà sábẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀pọ̀ òbí sì kọ̀ jálẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje 1894 tí wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí Shitta Bey, Gómìnà Carter fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1896, ìjọba dá ilé ìwé àwọn Mùsùlùmí sílẹ̀ ní Èkó, pẹ̀lú akitiyan Edward Blyden, Idris Animashaun sì ni ọ̀gá ilé ìwé náà. Ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen tẹ̀ lé e ní 1923. A lè sọ pé láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn wa ti ń wá bí wọn yóò ṣe kàwé láìfi ìrun sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí àgbègbè tiwa. Agége kò bẹ̀rẹ̀ bí ìlú iléeṣẹ́. Ọ̀nà rélùwéè tí wọ́n là láti Èkó lọ sí Ìbàdàn láàárín 1896 sí 1901 gba ibẹ̀ kọjá, oko kòkó àti obì sì kún ibẹ̀. Ní 1907 ni àwọn àgbẹ̀ ńlá ibẹ̀ dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀, J. K. Coker tí ó jẹ́ òpómúléró nínú ìjọ African Church sì jẹ́ aṣáájú láàárín wọn. Àwọn Hausa oníṣòwò obì sì wá pẹ̀lú ìrun wọn àti Jímọ̀ wọn. Ẹni ọjọ́ Àìkú àti ẹni ọjọ́ Jímọ̀ jọ ń ná ọjà, nítorí ọjà obì kò ní agogo tí ń lé ènìyàn wọlé. Ẹni tí ó bá fẹ́ kírun á da aṣọ bo obì rẹ̀, á lọ, á sì padà wá bá a.

Fèrè iléeṣẹ́ ni ó yí èyí padà. Ìkẹjà wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn títí di ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún 1967 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn yẹn ni ó sì ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn iléeṣẹ́ níbẹ̀. Guinness ṣí ní 1962 (ẹ má bi wá bí Mùsùlùmí ṣe ń ṣe níbi tí wọ́n ti ń pọn ọtí, àwọn àáfáà wa ti sọ tiwọn lórí ìyẹn), Cadbury náà dé Agídìngbí ní 1965, Dunlop ń ṣe táyà títí ó fi kógbá wọlé ní 2008. Ní iléeṣẹ́, ẹ̀rọ ni ó ni wákàtí. Àwọn bàbá wa tí wọ́n ṣe ṣíìfù nígbà náà sọ fún wa pé ọwọ́ fóòmánù ni Jímọ̀ wà. Tí inú fóòmánù bá dùn, ẹnìkejì rẹ á dúró ti ẹ̀rọ fún ọ, ìwọ náà á sì dúró dè é ní ọjọ́ Àìkú. Tí wọ́n bá gbé fóòmánù náà lọ sí ẹ̀ka mìíràn, o tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Kí á tó tẹ̀síwájú, ẹ jẹ́ kí á sọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò fi bẹ́ẹ̀ rò. Jímọ̀ kì í ṣe ọjọ́ ìsinmi bí Sábáàtì. Nínú Suratul Jumu'ah, Ọlọ́hun pa á láṣẹ pé kí á fi òwò sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá pe ìrun, kò sì pẹ́ tí Ó fi sọ pé kí á túká lọ wá oore Rẹ̀ lórí ilẹ̀ nígbà tí a bá kírun tán. Wákàtí kan sí méjì ni ohun tí a ń béèrè. Nítorí náà, òṣìṣẹ́ tí ó lọ kírun ní aago kan tí a kò rí mọ́ títí di aago mẹ́rin, òun ni ó ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ mọ́ gbogbo wa lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó tẹ́ ẹní sí àárín títì ní Agége tí mọ́tò aboyún kò fi rọ́nà kọjá.

Ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, ọ̀rọ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀. Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948 lábẹ́ Yunifásítì London, ètò ọdún ẹ̀kọ́ sì bá wọn wá láti ibẹ̀, pẹ̀lú Kérésìmesì àti Àjíǹde. Ní 1954 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí dá ẹgbẹ́ MSS sílẹ̀ ní Èkó, Lateef Adegbite tí ó jẹ́ ọmọ ilé ìwé King's College nígbà náà sì ni ààrẹ àkọ́kọ́. Ohun tí ẹgbẹ́ yìí ń bá àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ fà kì í ṣe ohun ńlá: ibi ìkírun, oúnjẹ sààrì nínú oṣù Ramadan, àti àyè fún Jímọ̀.

Ìgbà kan wà tí ọ̀rọ̀ fẹ́ di ìjà. Ní 1985 sí 1986, ní Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn Mùsùlùmí ní àgbélébùú ńlá kan tí ó ti wà nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì ọgbà náà ń kọjú sí àwọn nígbà tí àwọn bá ń kírun ní mọ́ṣáláṣí tuntun. Àwọn onígbàgbọ́ ní ó ti wà níbẹ̀ kí mọ́ṣáláṣí tó dé. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀, gbogbo orílẹ̀-èdè sì dá sí i. Níkẹyìn, ògiri kan ni wọ́n mọ sí àárín, àgbélébùú wà ní àyè rẹ̀, mọ́ṣáláṣí wà ní tirẹ̀. Àwọn kan fi ògiri náà rẹ́rìn-ín. Àwa rò pé ó ṣe iṣẹ́ tí ó yẹ kó ṣe, nítorí pé ibi tí wọ́n kọ́ ọ sí hàn sí gbogbo ènìyàn, kò sì sí ọ̀gá tuntun tí ó lè jí lówùúrọ̀ kí ó ní òun kò mọ̀ pé wọ́n ti ṣàdéhùn.

Ní Ìkẹjà, ọ̀nà mìíràn ni a gbà. Ní oṣù Kẹta 1995 ni àwọn Mùsùlùmí kan, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ báńkì àti oníṣẹ́ ọ́fíìsì, dá ẹgbẹ́ NASFAT sílẹ̀ ní Èkó. Nígbà tí èrò pọ̀, wọ́n gbé àdúrà Àsálátù wọn wá sí mọ́ṣáláṣí Sẹkitéríàtì ní Aláùsá, kí wọ́n tó lọ sí ojú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń ṣe é. Àwọn àáfáà kan bínú, wọ́n ní a ti di ìjọ. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ọjọ́ wo ni ọmọ Mùsùlùmí tí ó ń ṣiṣẹ́ láti Àtìní dé Jímọ̀ tún ní lọ́wọ́ láti fi kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ jọ síwájú Ọlọ́hun? Wọ́n ti fún wa ní ọjọ́ Àìkú tipẹ́tipẹ́ láìbéèrè bóyá a fẹ́ ẹ. NASFAT gbà á, ó sì fi ṣe ìjọ́sìn. Ẹgbẹ́ yìí kan náà ni ó dá Yunifásítì Fountain sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 2007, gẹ́gẹ́ bí àwọn onígbàgbọ́ tí ń pa Sábáàtì mọ́ ṣe sọ Babcock di yunifásítì ní Ìlíṣàn ní 1999. Ẹni tí ó bá ní yunifásítì tirẹ̀ ni ó ni kàlẹ́ńdà. Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá alátà ní Agége kò lè san owó ibẹ̀. Yunifásítì ìjọba ni tirẹ̀, níbi tí gbogbo ẹ̀sìn ti pàdé.

Bí a ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ kúrò ní ọwọ́ ojúrere bọ́ sí inú ìwé, àwọn ọmọdé ni wọ́n là á fún wa. Ní 2013, nígbà tí Fashola tí òun náà jẹ́ Mùsùlùmí ń ṣe gómìnà, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní kí ọmọbìnrin má lo híjáàbù ní ilé ìwé ìjọba. Ẹgbẹ́ MSS àti àwọn ọmọbìnrin méjì gbé ìjọba lọ sí Kóòtù Gíga ní Ìkẹjà. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá 2014, Adájọ́ Modupe Onyeabo dá ìjọba láre, ó ní ìjọba kò gbọdọ̀ gbè sẹ́yìn ẹ̀sìn kankan. Ní ọjọ́ 21 oṣù Keje 2016, Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yí ìdájọ́ náà padà. Ìjọba kò gbà, ó tún lọ sókè. Ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà 2022 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ parí rẹ̀: adájọ́ 5 dá àwọn ọmọ náà láre, adájọ́ 2 kò fara mọ́ ọn. Láàárín kan náà, ní oṣù Kejìlá 2017, wọ́n dá Firdaus Amasa padà ní ẹnu ọ̀nà nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di agbẹjọ́rò ní Àbújá, nítorí pé kò bọ́ híjáàbù rẹ̀. Ní oṣù Keje 2018, ó wọlé pẹ̀lú híjáàbù náà, ó sì di agbẹjọ́rò. Ohun tí ìwé òfin 1999 ti wí nípa òmìnira ẹ̀sìn ni wọ́n gbé lé lórí. Ó ti wà nínú ìwé. Ẹni tí yóò kà á sókè ni wọn kò tíì rí.

Síbẹ̀ ilé ẹjọ́ kò lè bá wa rí oṣù. Ní 2024, ìjọba àpapọ̀ ti kéde ọjọ́ 9 àti 10 oṣù Kẹrin fún Ìtúnu Àwẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 8, Sultan ní a kò rí oṣù, ọdún bọ́ sí ọjọ́ 10, ìjọba sì ní láti fi ọjọ́ 11 kún un. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tí ó ti fi ìdánwò sí ọjọ́ 11, báwo ni yóò ṣe ṣe? Ẹ má jẹ́ kí á máa pe irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ní ọ̀tá Ìsìláàmù. Kérésìmesì kì í kúrò ní ọjọ́ 25, ṣùgbọ́n ọdún tiwa ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 sún síwájú lọ́dọọdún. Àwa ni ó yẹ kí á lọ bá a kí ọdún ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí a fi ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta tí ọdún lè bọ́ sí hàn án, kí ó sì fi wọ́n sílẹ̀ lófo.

Àwọn kan ti ń ṣe irú rẹ̀. Láti 1999 ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Ìkẹjà. Ilé ìwòsàn kì í tì ní ọjọ́ ọdún, àìsàn kò mọ Iléyá. Nínú iṣẹ́ ìwòsàn, dókítà onígbàgbọ́ a máa dúró de Mùsùlùmí ní ọjọ́ Iléyá, Mùsùlùmí a sì dúró dè é ní Kérésìmesì, wọ́n á sì kọ orúkọ wọn sára ògiri ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú. Bí àwọn bàbá wa ṣe ń pààrọ̀ ṣíìfù nìyẹn, àfi pé ti dókítà wà lákọsílẹ̀.

Ní ọdún 2030, Ramadan yóò wọlé lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kínní, èkejì ní ìparí oṣù Kejìlá. Ìgbìmọ̀ tí yóò to ọdún ẹ̀kọ́ náà kò tíì jókòó.